Ojú Méjì Dùndún

     

Ṣé ẹ ti fara balẹ̀ wo dùndún rí?

Mo mọ ibi tí mo ti ń béèrè. Ọ̀rọ̀ ìlù kò ṣàjèjì létí ará Ẹdẹ. Tìmì John Adétóyèṣe Láoyè, tó jọba ní Ẹdẹ láti 1946 títí di 1975, fọwọ́ ara rẹ̀ lu dùndún, ó sì kọ̀wé lórí ìlù Yorùbá. Ọba ni, onílù ni. Nítorí náà, bí mo bá fi ìlù ṣe àpèjúwe lónìí, mo wà láàárín àwọn tó mọ̀ ọ́n.

Ojú méjì ni dùndún ní. Ọ̀kan ni onílù ń fi kọ̀ǹgọ́ lù. Èkejì wà lẹ́yìn, ẹnikẹ́ni kì í lù ú. Ẹni tó ń jó kì í wò ó. Ẹni tó ń náwó kì í wò ó. Ṣùgbọ́n ọṣán kan náà ló so ojú méjèèjì pọ̀. Bí onílù bá fún ọṣán, ojú méjèèjì ló ń le. Bó bá dẹ̀ ẹ́, ojú méjèèjì ló ń rọ̀. Bí awọ ẹ̀yìn bá wá ya ńkọ́? Ẹ lu ti iwájú títí ilẹ̀ ó fi mọ́, ìlù náà kò ní fọhùn bó ṣe yẹ kó fọhùn.

Bí ọ̀rọ̀ ìtọ̀ ṣúgà ṣe rí gan-an nìyẹn. Ṣúgà ni ojú tí gbogbo wa ń lù. Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù àti àwọn ẹbí rẹ̀, ni ojú ẹ̀yìn. Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí kò ju ìyẹn lọ: ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, tó ń ṣọ́ ṣúgà nìkan, tí kò ṣọ́ ọ̀rá, ojú kan ìlù ló ń tọ́jú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan fún yín.

Bàbá kan wà ní ìlú Awo tí mo ń pè ní ẹ̀gbọ́n. N kò ní dárúkọ wọn. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n máa gbọ́ mi báyìí, àwọn ni wọ́n sì fún mi láyè láti sọ ọ́. Wọ́n ti ní ìtọ̀ ṣúgà tipẹ́, oríṣi kejì, èyí tó máa ń bá àgbàlagbà jù. Bàbá yìí kò fi àìsàn náà ṣeré. Wọ́n ra ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń gún ìka. Ní àràárọ̀, kí wọ́n tó fẹnu kan nǹkan kan, wọ́n á gún ìka, wọ́n á wo nọ́ńbà, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé ọmọ ilé ìwé kan báyìí. Ìwé náà dà bí fọ́tò ìgbéyàwó lójú wọn. Àlejò kì í dé kí wọ́n má fi hàn án. "Ẹ wò ó, lánàá rèé. Ìjẹta rèé. Ṣé ẹ rí i pé kò gòkè?"

Lóòótọ́, kò gòkè.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ń rin orín. Orín bọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti mú un, ọwọ́ kò gbọ́. Ìyàwó wọn pè wọ́n, ohùn tó jáde kì í ṣe ohùn tó mọ̀. Ẹnu ti ń wọ́ sápá kan. Ọlọ́run ṣe é, wọ́n tètè gbé wọn dé ọsibítù, nǹkan náà kò sì le púpọ̀. Ọwọ́ ti ń gbọ́ báyìí, ẹnu ti padà sípò. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí dókítà kọ́kọ́ bi wọ́n nígbà tí ara wọn balẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́. Ó ní, "Bàbá, ìgbà wo lẹ ṣe àyẹ̀wò ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ yín gbẹ̀yìn?"

Bàbá lanu. Wọ́n ní, "Ọ̀rá kẹ̀? Èmi tí mo gbẹ bíi pańla yìí?"

Wọn kò ṣe é rí. Wọn kò ṣe é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti ìgbà tí wọ́n ti mọ̀ pé àwọn ní ìtọ̀ ṣúgà. Ìwé kún fún nọ́ńbà ṣúgà, nọ́ńbà ọ̀rá kò sí níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá ṣe é, ọ̀rá burúkú pọ̀, ọ̀rá rere kéré. N kò sọ pé ọ̀rá nìkan ló fà á o. Ọjọ́ orí wà níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú kan ìlù ti ń ya láti ọjọ́ yìí, kò sẹ́ni tó bojú wẹ̀yìn.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tan rédíò yín, ẹ káàbọ̀. Ọ̀rọ̀ ìtọ̀ ṣúgà àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ là ń sọ. A ní ojú méjì dùndún ni wọ́n. A ní ọṣán kan náà ló so wọ́n pọ̀.

Kí wá ni ọṣán yẹn?

Ínsúlìn ni. Nígbà tí a bá jẹ ẹ̀bà tán, ẹ̀bà di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀. Ínsúlìn ló ń pàṣẹ fún ẹran ara pé kó gba ṣúgà náà wọlé, kó fi ṣe agbára. Iṣẹ́ tí gbogbo wa mọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó ní iṣẹ́ mìíràn tí a kì í sábà gbọ́. Òun náà ló ń pàṣẹ fún ibi tí ara tọ́jú ọ̀rá sí, ní ikùn, ní ìdí, ní itan, pé kó ti ìlẹ̀kùn, kí ọ̀rá má dà jáde. Òun náà ló ń sọ fún ẹ̀dọ̀ pé ó tó gẹ́ẹ́, má kó ọ̀rá sínú ẹ̀jẹ̀ mọ́.

Ṣé ẹ ti rí i báyìí? Ẹnìkan ṣoṣo, iṣẹ́ méjì. Ṣúgà lọ́tùn-ún, ọ̀rá lósì.

Nínú ìtọ̀ ṣúgà oríṣi kejì, ínsúlìn ń bẹ o. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó tilẹ̀ lè pọ̀ ju ti ẹni tí ara rẹ̀ dá lọ. Ara ni kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Ọṣán ti dẹ̀. Ẹran ara kò gba ṣúgà wọlé bó ṣe yẹ, ṣúgà bá kún ẹ̀jẹ̀. Lọ́wọ́ kan náà, ibi tí ọ̀rá wà kò ti ìlẹ̀kùn mọ́, ọ̀rá ń dà jáde, ó ń lọ bá ẹ̀dọ̀. Ẹ̀dọ̀ náà kò gbọ́ pé ó tó. Ó ń di ọ̀rá lẹ́rù, ó ń tì í sínú ẹ̀jẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n ń kó àpò gàárì sínú ọkọ̀ lọ́jọ́ ọjà. Àwọn àgbà ní bí ọṣán bá já, ọrun a di ọ̀pá. Ọrun tiwọn ni wọ́n ń sọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ ọ.

Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ dẹ́rù bà yín. Kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ kì í ṣe májèlé. Ara nílò rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ wa ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, àní bí a kò tilẹ̀ jẹ ẹran rárá. Ọkọ̀ tó ń gbé e kiri ni wàhálà wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọkọ̀ kan wà tó ń gbé e lọ sígboro, tó sì máa ń já ẹrù sílẹ̀ lára ògiri òpó ẹ̀jẹ̀. Èyí ni wọ́n ń pè ní ọ̀rá burúkú. Ọkọ̀ kan wà tó ń ṣa ẹrù náà padà lọ sí ẹ̀dọ̀. Ọ̀rá rere nìyẹn, agbálẹ̀ ni. Ẹ̀kẹta ni ọ̀rá àpamọ́, tí ara fi ń pa agbára mọ́. Òun ni ẹ̀dọ̀ máa ń ṣe láti inú ọ̀rá tó dà wọlé àti láti inú ṣúgà tó ṣẹ́ kù.

Kí ni ìtọ̀ ṣúgà ń ṣe fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Ọ̀rá àpamọ́ ń pọ̀ sí i. Agbálẹ̀ ń dín kù. Ọ̀rá burúkú wá ń di wóróbo, ó ń kéré, ó ń le, ó sì ń rọrùn fún un láti yọ́ wọ inú ògiri òpó ẹ̀jẹ̀. Nítorí náà, iye rẹ̀ lè má fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ lórí ìwé, kó sì máa ṣọṣẹ́. Kò tán síbẹ̀ o, ṣúgà tó pọ̀ lẹ́jẹ̀ a máa lẹ̀ mọ́ ọ̀rá burúkú yìí bí oyin ṣe ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Bó bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, ara kì í tètè dá a mọ̀ láti kó o kúrò. Ó ń pẹ́ láàárín ìgboro, ó ń ba nǹkan jẹ́.

Ọ̀rá náà kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ pin síbẹ̀. Ọ̀rá tó kún inú ẹ̀dọ̀ àti ẹran ara ń mú kí ara túbọ̀ dití sí ínsúlìn. Ṣúgà ba ọ̀rá jẹ́, ọ̀rá padà wá ba ṣúgà jẹ́.

Nígbà tí òpó ẹ̀jẹ̀ bá wá dí, ibo ló dí sí? Bó bá jẹ́ ti ọpọlọ, rọpárọsẹ̀ ni. Bó bá jẹ́ ti ọkàn, ọkàn lè dá iṣẹ́ sílẹ̀. Bó bá jẹ́ ti ẹsẹ̀, egbò kékeré kò ní jiná. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: àìsàn ọkàn àti òpó ẹ̀jẹ̀ ló ń pa ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà oríṣi kejì jù. Ṣúgà ló jẹ́ ká mọ̀ pé olè wọlé. Ojú ẹ̀yìn ni olè gbà jáde pẹ̀lú ẹrù.

Ẹnìkan lè sọ pé, "Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi yìí, ṣé bí mo bá tọ́jú ṣúgà dáadáa, ọ̀rá kò ní tẹ̀lé e ni?" Ìbéèrè gidi ni. Yóò tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n kò ní tẹ̀lé e dé ilé. Bí ṣúgà bá ń lọ sílẹ̀, ọ̀rá àpamọ́ sábà máa ń lọ sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ìyẹn dára. Ọ̀rá burúkú ni kì í fi bẹ́ẹ̀ mira. Òun fẹ́ ìtọ́jú tirẹ̀ lọ́tọ̀. A kì í fi ètè sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá, ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ yìí, ètè méjì ló wà.

Ṣé àìsàn ìran wa ni? Ẹ jẹ́ ká lọ sí Ìgbó-Ọrà. Bẹ́ẹ̀ ni, Ìgbó-Ọrà ìlú ìbejì. Ẹ má rẹ́rìn-ín sí mi o, kì í ṣe nítorí pé orúkọ ìlú náà fẹ́ jọ ọ̀rọ̀ ọ̀rá tí mò ń sọ.

Àwọn oníwádìí kan, tí ọmọ Nàìjíríà nì, Charles Rotimi, wà lára wọn, wá àwọn ènìyàn dúdú káàkiri ayé. Wọ́n yẹ ara wọn wò ní Ìgbó-Ọrà àti ní Ìbàdàn níbí. Wọ́n lọ sí àwọn erékùṣù Caribbean. Wọ́n lọ sí ìlú Manchester ní Ìlú Ọba, wọ́n sì lọ sí Maywood, ìlú kékeré kan lẹ́bàá Chicago ní Amẹ́ríkà. Ọmọ ìyá ni gbogbo wọn, ìyẹn àwọn tí òkun yà nípa láti ayé òwò ẹrú. Ní 1997 wọ́n gbé àbájáde jáde. Nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà níhìn-ín, bíi 2 ló ní ìtọ̀ ṣúgà. Ní Amẹ́ríkà àti Ìlú Ọba, bíi 11 ni.

Ní Ìbàdàn yìí kan náà, láti 1992, Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Olúwákáyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, olóògbé, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi àwọn àgbàlagbà àdúgbò Ìdíkàn wé àwọn àgbàlagbà aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Ọpọlọ àgbà tó ń gbàgbé nǹkan ni wọ́n ń wá. Àmọ́ wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ náà. Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Ìdíkàn kéré sí ti àwọn ẹbí wọn lókè òkun.

Ojú méjì ìlù lẹ tún rí yẹn. Ibi tí ṣúgà ti kéré, ibẹ̀ náà ni ọ̀rá ti kéré. Ẹ̀jẹ̀ kan náà, ìgbésí ayé ọ̀tọ̀. Ẹsẹ̀ ni ará Ìgbó-Ọrà ń fi rìn lọ sóko. Ẹ̀fọ́, èlùbọ́, ẹja díẹ̀, ẹran lọ́jọ́ ọdún.

Ìyẹn láyé ìgbà náà o. Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́ fún ara wa. Ta ló ń fẹsẹ̀ rìn lọ sóko ní Awo lónìí? Ọ̀kadà ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ ń jẹ Indomie láàárọ̀, ó ń mu mínírà lọ́sàn-án, ìyá rẹ̀ ń jókòó ti ìsọ̀ láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀. A kò tíì wọ ọkọ̀ òfuurufú, Maywood ti wá bá wa nílé.

Ẹ jẹ́ ká wọ ilé ìdáná wàyí, nítorí ibẹ̀ ni mo ti ń rí àṣìṣe tó pọ̀ jù.

Wọ́n ní kí onítọ̀ ṣúgà má jẹ iyán. Ó gbọ́. Wọ́n ní kó máa jẹ àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó gbọ́. Ó wá ro àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ òkìtì kan bí òkè Olúmọ. Ó bu ọbẹ̀ lé e, epo ń léfòó lórí bí omi odò Ọ̀ṣun lẹ́yìn òjò. Ẹran wà níbẹ̀, ṣàkì wà níbẹ̀, ẹ̀dọ̀ wà níbẹ̀, ọ̀rá ẹran tó ń yọ̀ wà níbẹ̀. Ó nu ẹnu, ó ní, "Mo ti pa òfin dókítà mọ́." Òfin èwo? Ojú kan ìlù ló gbọ́ ọ.

Ẹnìkejì ńkọ́? Wọ́n ní ọ̀rá rẹ̀ ga. Ó sá fún epo, ó sá fún ẹyin, ó sá fún ẹran. Ó wá fi búrẹ́dì àti gàárì mímu rọ́pò gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Ṣé gàárì ní ọ̀rá ni?" Kò ní. Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n gàárì tó pọ̀ ju agbára ara lọ, ẹ̀dọ̀ kì í dà á nù. Ọ̀rá ló máa fi ṣe. Ọ̀rá àpamọ́ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn, ọ̀nà tó gbà wọlé nìyẹn.

Nítorí náà, ìwọ̀n ni kókó. Ìwọ̀n òkèlè, ìwọ̀n epo. Bí òkèlè bá tó ìkúùkù ẹni kan, kí ẹ̀fọ́ jù ú lọ lórí àwo. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀wà, mọ́ínmọ́ín, gbẹ̀gìrì máa wá sórí tábìlì léraléra. Ẹ̀wà kì í jẹ́ kí ṣúgà sáré gòkè, ó sì ń ran ara lọ́wọ́ láti dín ọ̀rá burúkú kù. Ilá náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dùn mọ́ mi pé oúnjẹ tí a fojú oúnjẹ tálákà wò ló ń ṣọ́ ojú ìlù méjèèjì. Ẹja ńkọ́? Ẹja dára. Kí a má wulẹ̀ dín in sínú òróró tí a ti fi dín àkàrà láti ìjẹta.

Ọ̀rọ̀ epo yìí, ẹ jẹ́ kí n dúró lórí rẹ̀ díẹ̀, nítorí pé mo mọ̀ pé yóò dá àríyànjiyàn sílẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá wa, nígbà ọyẹ́, ẹ wo kẹ́ẹ̀gì epo pupa. Ṣé kì í dì? Bí ẹ bá gé ẹran olọ́ràá, tí ọbẹ̀ tutù, ṣé ọ̀rá kì í dì lójú ọbẹ̀? Ọ̀rá tó bá ń dì báyẹn, bí ó bá pọ̀ jù lẹ́nu wa, ó máa ń jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ fi ọ̀rá burúkú sílẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀. Nǹkan bí ìdajì ọ̀rá inú epo pupa ló jẹ́ irú rẹ̀. Ẹ óò wá rí i tí wọ́n kọ ọ́ sára ike òróró pé kò ní kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù, tí wọ́n tún ya àwòrán ọkàn sí i. Wọn kò purọ́. Epo igi kankan kò ní i, ara ẹranko nìkan ló ti ń wá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò sọ ohun tí epo náà yóò mú kí ẹ̀dọ̀ yín ṣe. N kò ní kí ẹ má jẹ epo pupa o. Ta ló fẹ́ jẹ ẹ̀fọ́ rírò tó funfun? Ìwọ̀n ṣíbí ni mò ń sọ, ẹ má fi ike da á.

Àwọn kan ní ewúro ni àwọn ń fún mu, nítorí pé kíkorò ń pa dídùn. Ẹ jẹ́ kí n sọ èrò ọkàn mi. Ewúro dára nínú ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìkorò ẹnu kò dé inú ẹ̀jẹ̀. Bí mo bá rí ẹni tó tìtorí ewúro pa oògùn rẹ̀ tì, inú mi kì í dùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dara pọ̀ mọ́ wa, ẹ kú ìjókòó. Ṣúgà ni ojú kan, ọ̀rá ni ojú kejì. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, kó ṣọ́ méjèèjì.

Ó kan oògùn. Oògùn ọ̀rá tó wọ́pọ̀ jù ni àwọn tí orúkọ wọn parí sí státíìnì. Ẹ óò rí atorvastatin, ẹ óò rí rosuvastatin. Ṣé ẹ mọ ibi tí àkọ́kọ́ wọn ti wá? Ọmọ ilẹ̀ Japan kan, Akira Endo, ló rí i ní ọdún 1973, lára ohun kan tó máa ń hù sára ìrẹsì, irú èyí tí ẹ máa ń rí lára búrẹ́dì tó ti pẹ́. Ó kú ní 2024, ní ọjọ́ ogbó. Èèyàn tó rí ìwòsàn lára ohun tí ìyá wa ń fọ̀ dànù!

Ní 2004, wọ́n gbé àbájáde ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe ní Ìlú Ọba àti Ireland jáde. Àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà oríṣi kejì nìkan ni wọ́n lò. Ọ̀rá burúkú wọn kò pọ̀ jù, àìsàn ọkàn kò tíì mú wọn. Wọ́n fún àwọn kan ní atorvastatin kékeré, wọ́n fún àwọn yòókù ní hóró tó jọ ọ́ ṣùgbọ́n tí kò ní oògùn nínú. Èrè rẹ̀ hàn kíákíá débi pé wọ́n dá ìwádìí náà dúró ní nǹkan bí ọdún méjì ṣáájú àkókò. Rọpárọsẹ̀ láàárín àwọn tó lo oògùn dín kù ní nǹkan bí ìdajì. Ṣé ẹ wá rí ìdí tí dókítà fi lè kọ oògùn ọ̀rá fún onítọ̀ ṣúgà tó ti lé ní ogójì ọdún, kódà bí nọ́ńbà ọ̀rá rẹ̀ kò bá dẹ́rù bani?

Ẹ lè ti gbọ́ pé oògùn yìí ń gbé ṣúgà sókè. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ó lè gbé e sókè díẹ̀ kínún. Àwọn onímọ̀ ti wọ̀n ọ́n, wọ́n ní èrè rẹ̀ fún ọkàn àti ọpọlọ ju ìyẹn lọ fíìfíì. Bí ẹran ara bá ń ro yín lẹ́yìn tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, ẹ sọ fún dókítà, yóò pààrọ̀ rẹ̀ tàbí kó dín in kù. Aboyún tàbí ẹni tó ń wá oyún gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà kó tó fẹnu kàn án. Kí ẹnikẹ́ni má sì dá a rà ní kẹ́mísì nítorí pé ó gbọ́ ọ lórí rédíò. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ni mí, n kì í ṣe dókítà.

Ohun tó ń dùn mí ni ẹni tó lo oògùn oṣù kan, tó ṣe àyẹ̀wò, tó rí i pé ọ̀rá ti wálẹ̀, tó wá ní "Mo ti bọ́." Ó bá da oògùn nù. Oògùn ló gbé e wálẹ̀! Bí a bá tú ọṣán sílẹ̀, ohùn ìlù yóò padà sí bó ṣe wà.

Ẹ̀yin Mùsùlùmí ẹlẹgbẹ́ mi, a pọ̀ ní Awo, a pọ̀ ní Ẹdẹ. Kí oṣù Ramadan tó dé, ẹ lọ bá dókítà sọ̀rọ̀ lórí ààwẹ̀ àti oògùn. Àlàáfíà ara wà nínú ohun tí ẹ̀sìn wò mọ́ wa. Ẹ sì ṣọ́ oúnjẹ ìṣínu. Àkàrà tó ń jò epo, ohun mímu aládùn, ìrẹsì lé e lórí, gbogbo rẹ̀ láàárín wákàtí kan. Ojú ìlù méjèèjì la fi kọ̀ǹgọ́ bẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó ku ohun tí ẹ óò ṣe lọ́sẹ̀ yìí. Bí ẹ bá lọ gba oògùn ṣúgà, yálà ní ilé ìlera wa ní Awo, tàbí ní ọsibítù ìjọba ní Ẹdẹ, tàbí ní ọsibítù ńlá Yunifásítì Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, ẹ má kàn nawọ́ gba káàdì kí ẹ máa lọ. Ẹ béèrè àyẹ̀wò méjì. Àkọ́kọ́ ni èyí tó ń fi ìwà ṣúgà yín láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn hàn. Onítọ̀ ṣúgà lè pa ẹnu mọ́ fún ọjọ́ méjì kí nọ́ńbà àárọ̀ dára. Kò sẹ́ni tó lè tan ti oṣù mẹ́ta jẹ. Èkejì ni àyẹ̀wò ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀. Bí nọ́ọ̀sì bá bi yín pé èwo, ẹ sọ pé lipid profile. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ọmọ bá yín kà á. Kí wọ́n sì wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín níbẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ wà ní Èkó àti lókè òkun, tí ẹ ń fowó ránṣẹ́ sí bàbá àti ìyá nílé, ẹ má bi wọ́n pé "Ṣúgà yín ńkọ́?" nìkan. Ẹ bi wọ́n léèrè ọ̀rá pẹ̀lú. Ẹ fi owó àyẹ̀wò náà kún un.

Kí n má gbàgbé. Wọ́n lè ní kí ẹ má jẹun láti alẹ́ kí ẹ tó wá fún àyẹ̀wò ọ̀rá. Omi lásán kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń gún ínsúlìn, tàbí tí ẹ ń lo glibenclamide, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn ṣáájú bí ẹ ó ṣe ṣe oògùn àárọ̀ ọjọ́ náà, nítorí pé oògùn láìsí oúnjẹ lè fa ṣúgà wálẹ̀ jù, kí èèyàn ṣubú lulẹ̀ sójú ọ̀nà. Ẹ gbé oúnjẹ yín dání nínú kúlà. Bí wọ́n bá ti fa ẹ̀jẹ̀ tán, ẹ jókòó síbẹ̀, ẹ jẹ ẹ́ kí ẹ tó gun ọ̀kadà padà sílé.